Ẹ̀yìn tó ń dùn yín lóru yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pẹ́nkílà tàn yín

Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn látọjọ́ yìí, tó jẹ́ òru ló ń burú jù, tí òógùn ń bò yín lójú oorun, tí ẹ sì ń rù, ó lè jẹ́ ikọ́ ife inú eegun ẹ̀yìn, ẹ ní kí wọ́n ya MRI fún yín, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara fínnífínní. X-ray nìkan ò tó, torí eegun gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́ dáadáa kó tó hàn níbẹ̀. X-ray tèmi ò fi nǹkan kan hàn, dókítà ní iṣan ló fà, pẹ́nkílà ni wọ́n ń kó fún mi ṣáá.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi kọ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Ó ti ń kú tìpìrì tẹ́lẹ̀ o. Mo fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lọ tọ̀, mo ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ti kanlẹ̀, àfi gbì! Mo já itan mi léèékánná, àfi bíi pé itan ẹlòmíì ni mò ń já. Ìtọ̀ ń dà lára mi, ojú ni mo fi rí i, mi ò gbọ́ ọ lára rárá. Mo pariwo títí ohùn fi há.

MRI ló fi hàn pé eegun méjì ti jẹrà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ọyún sì kóra jọ, ó ń tẹ okùn inú ẹ̀ tó ń darí ẹsẹ̀. Síbẹ̀ ẹnìkan tún ní kì í ṣe ikọ́ ife torí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ò gbé kòkòrò, mi ò sì wúkọ́. Ta ló ní ó dìgbà téèyàn bá wúkọ́? Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò yẹn ń gbà dé eegun, ẹ̀dọ̀fóró lè má ṣe nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fa díẹ̀ níbi tó ti rà, wọ́n ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, ó ní ikọ́ ife ni, àti pé rifampicin, oògùn ikọ́ ife, ṣì lè pa kòkòrò náà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ dókítà níṣẹ́ o, àmọ́ ẹ bèèrè èyí náà.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fa ọyún, mo ti ń rìn. Oògùn mẹ́rin ni fún oṣù 2, lẹ́yìn náà rifampicin àti isoniazid, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fà á dé oṣù 9 sí 12. Ìtọ̀ á pọ́n, ẹ má jáyà, rifampicin ni. Àmọ́ tójú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí ibà pọ́njú bá dé, ẹ sáré padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sá fún wa, èyí tó wà nínú eegun nìkan kì í ràn!

Ṣùgbọ́n MRI yẹn o. Tí wọ́n bá ní kò pọndandan, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín pé ẹ bèèrè, àwọn ló kọ̀.