Irin Houston, igi Dei-Dei

Páálí náà wọ ibùdókọ̀ Utako ní Àbújá láti Èkó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin méjì ló bá mi gbé e sínú búùtù. Nígbà tí mo fi máa dé Kubwa, àwọn ọmọ mi ti tò sẹ́nu géètì bí ẹni ń retí Alájì láti Mẹ́kà. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston ti ń sọ fún wọn lórí fóònù pé jangirọ́fà ń bọ̀ lọ́nà, irú èyí tó wà lẹ́yìnkùlé tirẹ̀ tí wọ́n ń rí nínú fídíò.

Mo fi ọ̀bẹ la páálí. Ìjókòó rọ́bà méjì, ṣéènì tí wọ́n fi rọ́bà aláwọ̀ ewé bò kó má baà há ọmọ níka, irin ńlá méjì tó la ẹnu bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran, bóòtì, nọ́ọ̀tì, wáṣà, skúrù gígùn gígùn nínú ọ̀rá, àti ìwé pélébé kan. Ó tán. Ọmọ mi àgbà wo inú páálí, ó tún wo ojú mi.

"Màámi, jangirọ́fà ọ̀hún dà?"

"Igi ló kù."

Mo sọ ọ́ bí ẹni pé iyọ̀ ló kù nínú ọbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, bí wọ́n ti ń tà á lọ́hùn-ún nìyẹn. Irin ni wọ́n ń dì sínú páálí, oníkálukú á lọ ra igi tirẹ̀ ní ìsọ̀ tó bá sún mọ́ ọn. Ta ló máa san owó ọkọ̀ òkun lórí igi? Ìwé náà ní kí n wá igi íǹsì 4 lọ́nà 4 fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n wá 4 lọ́nà 6 fún èyí tó máa dábùú lókè. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ káfíńtà ni mí. Ní Ìsẹ́yìn, inú èérún pákó ni mo ti kọ́ ìrìn, kí n tó mọ A, B, D ni mo ti lè fimú mọ ìrókò yàtọ̀ sí arère. Ọdún 13 rèé tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti gbé mi wá sí Àbújá, síbẹ̀ tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń la igi, imú mi á kọ́kọ́ délé kí èmi fúnra mi tó délé. Ọkọ mi, tí iṣẹ́ tirẹ̀ gbé lọ sí Kánò, ní kí n dúró de òun. Mo ní kí ló fẹ́ wá ṣe? Ọjọ́ Sátidé kan péré ni mo fún iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà.

Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Àbújá mọ Dei-Dei, lójú ọ̀nà tó gba Kubwa lọ sí Zuba. Kí ojú rẹ tó rí ọjà pákó náà ni etí rẹ á ti gbọ́ ọ. Àwọn Hausa ń pè é ní katako, àwa ń pè é ní pákó, ṣùgbọ́n èdè kan náà ni gbogbo wa fi ń nájà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Oǹdó. Wọ́n jókòó lórí òkìtì pákó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ti òrùlé ni àbí ti ilẹ̀kùn?"

"Ti jangirọ́fà ni, sà."

Wọ́n dá ẹ̀pà dúró. "Ti kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Mo nawọ́ sí arère kan tó funfun bí iṣu gígún, tó fúyẹ́, tí owó rẹ̀ sì rọrùn. Bàbá mi orí. "Níta gbangba? Ikán Àbújá ò ní jẹ́ kí ìyẹn rí Kérésìmesì. Apá ni kóo rà." Apá yẹn ni àwọn Hausa ń pè ní kawo, igi pupa, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn rẹ̀. Bàbá ní kò tíì gbẹ tán, kí n jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lábẹ́ òjìji. Mo ní ó ti gbẹ tó, sà. Mo sanwó, mo gba ọkọ̀, mo gbé igi lọ. Irin wà nílé, téèpù wà nílé. Ọmọ káfíńtà!

Mo pe ọmọkùnrin káfíńtà kan ládùúgbò wa, ọmọ Kánò, èyí tó ń pè mí ní Hajiya bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé Ọlọ́run tí mo ń lọ ní agogo. Ó gbé igi ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ tì í sẹ́nu irin. Irin kọ̀. Ó yí i padà, irin tún pa ẹnu dé bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní àgbo. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ mú téèpù. Ẹnu irin jẹ́ íǹsì 3 àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀ bí ìbú irun. Orí igi jẹ́ 4 gbáko, ìdí igi kan náà jẹ́ 3 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Mo pe Houston. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ẹ̀rín ń pa mí. 4 kì í ṣe 4 níbí o. 3 àti ààbọ̀ ni."

"Kí ló dé tí wọ́n wá ń pè é ní 4?"

"Bí wọ́n ṣe là á látinú igi ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fá a, á lọ sí 3 àti ààbọ̀. 6 náà, 5 àti ààbọ̀ ni."

Ẹ gbọ́ o. Ní Dei-Dei, tí wọ́n bá ní 4, ó lè jẹ́ 4, ó lè dín, ọwọ́ ayùn àti ẹni tó mú ayùn ló wà. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo ìlú ti fẹnu kò pé 3 àti ààbọ̀ ló ń jẹ́ 4, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Òṣùwọ̀n ilé babańlá mi sì ni wọ́n ń fẹnu tẹ́ńbẹ́lú!

"Hajiya, ba matsala," ni ọmọkùnrin náà wí, pé kò sí wàhálà, ó ti gbé hámà. Ó fẹ́ fi lu ẹnu irin kó là sí i. Igbe tí mo ké, aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. Ó wá ní kí òun fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ orí igi nìkan, ká ti ibẹ̀ kì í bọ̀ ọ́. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n rántí bàbá mi, tó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ igi ní àkàsọ̀, táá ní, "Ibi tóo bá ti dín igi kù ló máa gbà kú." Orí ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹrù máa wà. Mo ní rárá. A tún gbé gbogbo igi padà sí Dei-Dei, sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó. Igi ìdábùú náà bá wọn lọ, torí pé bóòtì tó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá kò yọ tó ibi tí nọ́ọ̀tì á ti gbá a mú. Bàbá Oǹdó rí mi. Wọ́n wo téèpù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Lónìí lo mú un wá," wọ́n sì padà sídìí ẹ̀pà wọn. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ yẹn ju owó ẹ̀rọ lọ. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ dán an wò, irin gan-an ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́jà, ẹ fi ìwé sílẹ̀ nílé.

Ilẹ̀ ló kàn. Ẹ mọ ilé Àbújá: láti géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnnì, íńtálọ́ọ̀kì ni. Ìwé náà sì sọ pé jangirọ́fà kò gbọdọ̀ sí lórí kọnkéré tàbí ohun líle kankan, kí yanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì jìn dáadáa. Lánlọ́ọ̀dù wa, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, ń nífẹ̀ẹ́ íńtálọ́ọ̀kì yẹn bí ọmọ. Mo lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo mú ọmọ mi kékeré dání, èyí tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí a tú ti ẹ̀gbẹ́ ilé nìkan, kí a ka gbogbo rẹ̀, kí a tò ó sí ẹ̀yìn táǹkì omi, kí a sì dá a padà sójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń kó lọ. A kà á.

Ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 26 lọ. Ìwé náà ní tí igi ìdábùú bá ga tó 8, kí ẹ̀ẹ̀mejì gíga yẹn ṣófo níwájú, kí ẹ̀ẹ̀mejì ṣófo lẹ́yìn, torí ọmọ tó bá fò kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó ń fì. Ìyẹn jẹ́ 32. Ibo ni kí n ti rí i? Odi ni kí n wó? Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi pẹ́ńsùlù ṣe é lẹ́yìn ìwé iná NEPA: tí mo bá gé ẹsẹ̀ kúrú tí ìdábùú wá ga ní 6, 12 níwájú, 12 lẹ́yìn, 24. Ó gbà. Mo gé e. Àárín ìjókòó méjèèjì, íǹsì 24. Láti ìjókòó sí ẹsẹ̀, 30. Ìyẹn kò ní wàhálà.

Ṣùgbọ́n skúrù! Igi páìnì tó rọ̀ ni wọ́n ṣe skúrù yẹn fún, apá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ wọlé dé ìdajì, ó dún pò, orí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ kù sínú igi. Èkejì náà, pò. Mo gba dírílì lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. A kọ́kọ́ fi ẹnu dírílì tó tín-ínrín ju skúrù lọ lu ihò, mo wá mú ọṣẹ ìfọṣọ, mo fi ẹnu skúrù ha á títí eyín rẹ̀ fi kún fún ọṣẹ. Ó wọlé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọṣẹ ń rú jáde léteetí ihò bí ìfófòó. "Hajiya, wa ya koya miki?" Ta ló kọ́ mi? Mo ní bàbá mi ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí léèrè kó tó gé nǹkan.

Ikán ṣì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú jáde nínú ọkọ̀ kun ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ọmọ máa fọwọ́ mú, táá tún fi ọwọ́ yẹn jẹun? Mo lọ bá jórinjórin tó wà lẹ́bàá títì, ó bá mi jó bàtà irin mẹ́rin, a ri wọ́n mọ́ kọnkéré, igi wá dúró nínú bàtà, ó fi íǹsì 2 jìnnà sí ilẹ̀. Ikán tó bá fẹ́ gòkè, á ní láti gba orí irin kọjá, ojú mi á sì rí ọ̀nà rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó parí, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan gùn ún. A gbé àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 kan sórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, a so ó mọ́ ọn, a sì ń tì wọ́n. Sìmẹ́ǹtì ń fì lọ, ó ń fì bọ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò dúró lẹ́bàá odi, wọ́n ń wò ó pẹ̀lú ìlara. Ọmọ Málàmù ilé kejì ń pariwo "Lilo! Lilo!", tèmi ń pariwo "Jangirọ́fà!" Nígbà tí wọ́n fi máa gùn ún, orúkọ méjèèjì ló ń jẹ́.

Ìyá mi wá lóṣù Kẹsàn-án. Wọ́n fọwọ́ pa igi náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Apá? Igi àwọn ìyá lo gbé kalẹ̀ fún ọmọ?" Wọ́n ní kí n bu omi sí i nídìí. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo yọjú láti kíṣìnnì, mo bá wọn lórí ìjókòó, ìró wọn wà lọ́rùn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọ̀rọ̀ Bàbá Oǹdó ṣẹ. Igi tí mo ní ó ti gbẹ wá ń gbẹ lóòótọ́, ó ń sún kì, nọ́ọ̀tì tí mo fi agbára so wá ṣeé fi ìka yí. Ìdábùú ń dún kẹ̀ẹ́, kẹ̀ẹ́, bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Mo kó sípánà jáde. 14 kò wọ orí bóòtì. 15 wọ̀ ọ́, ó ń yọ̀, ó sì ń jẹ igun rẹ̀. Ẹ ti mọ ẹni tí mo pè.

"Íǹsì ni tiwa níbí, Ẹ̀gbọ́n mi. 9 lórí 16 ni."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ò fi sínú páálí?"

Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé fún ìgbéyàwó ló bá mi mú un bọ̀ nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Sípánà kan ṣoṣo, dídán, kò bá bóòtì mìíràn kankan mu nínú ilé yìí. Orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì ló wà. Láràárọ̀ Sátidé títí ọyẹ́ á fi lọ, ọmọ mi kékeré ló ń lọ mú un wá, èmi á gun àkàsọ̀, òun á dúró nísàlẹ̀, á máa ka nọ́ọ̀tì fún mi kí n má baà fo ọ̀kan.