Káàdì Kan fún Gbogbo Ọkọ̀: Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó Lójú Ẹni Tó Gbé Ìlú Méjèèjì

Káàdì méjì kan wà nínú pọ́ọ̀sì mi tí n kì í yọ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan ni Oyster, èyí tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù; èkejì ni Cowry, tí mo máa ń lò bí mo bá wá sílé ní Èkó. Ohun abìkarahun inú omi ni wọ́n fi sọ àwọn méjèèjì lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ti Èkó ló wù mí jù, nítorí pé owó tòótọ́ ni owó ẹyọ jẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ń sín in sí okùn ní ogójì-ogójì, tí ẹgbàá mẹ́wàá rẹ̀ sì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀kẹ́ márùn-ún rìnrìn àjò láyé ìgbà náà ní láti wá alárù. Lónìí, owó ẹyọ ti fúyẹ́ ju ewé lọ.

Ọdún 2009 ni mo kúrò ní Ìyànà-Ìpájà. Títí di ọjọ́ tí mo fi kúrò, ọkọ̀ méjì ni mo ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́: dánfó kan dé Ọ̀ṣòdì, òmíràn láti Ọ̀ṣòdì dé CMS ní Erékùṣù Èkó. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ méjì ni, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Kò sí ẹni tó lè sọ ní alẹ́ iye tí owó náà yóò jẹ́ láàárọ̀, torí bí òjò bá ṣú, owó ọkọ̀ á gbéra. Bí epo bá wọ́n, á gbéra. Bí èrò bá kàn pọ̀ ní ibùdókọ̀ lásán, á tún gbéra. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí èrò ń gbọ́ láàárọ̀ kì í ṣe “Ẹ káàárọ̀”, bí kò ṣe “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Ẹni tí kò bá ní ṣéńjì, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á so ó pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí, á fi owó odidi kan lé wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á wá dúró sí etí títì bí ẹni tó ń pín ogún, wọn á máa wá ẹni tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ. Bọ́ọ̀sì BRT, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tiwọn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS ní oṣù kẹta ọdún 2008, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ wa, tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni wọ́n sì ń tà nígbà náà.

Nígbà tí mo dé Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, Oyster ti lo ọdún mẹ́fà, nítorí 2003 ni wọ́n gbé e jáde. Èrò ṣì lè fi owó wọ bọ́ọ̀sì nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì iye tí oníkáàdì ń san ni yóò san. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú mi ra káàdì kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Ní oṣù keje ọdún 2014 ni wọ́n fòpin sí gbígba owó nínú bọ́ọ̀sì pátápátá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, káàdì báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì láti ìparí ọdún 2012.

Bí ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè tí a ń fi káàdì kàn ṣe ń tètè dáhùn kọ́ ló yà mí lẹ́nu, ìṣirò tí ó ń ṣe lẹ́yìn wa ni. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì ni mo kọ́kọ́ ṣe níbí, aago mẹ́rin ìdájí ni mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì 36 tó ń gba Peckham kọjá lọ sí Victoria. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ yẹn ní wákàtí náà yóò gbọ́ Yorùbá nínú rẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bọ́ọ̀sì la máa ń wọ̀, kì í ṣe ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pẹ́ lọ́nà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì kejì láàárín wákàtí kan kò san owó mìíràn mọ́, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2018, iye bọ́ọ̀sì tó bá wù ú ló lè wọ̀ láàárín wákàtí náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, owó bọ́ọ̀sì kan di £1.75, ẹni tó bá sì ti san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tó jẹ́ £5.25 nígbà náà, ẹ̀rọ kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ yóò fi parí. Kò sí ẹni tó béèrè, kò sí ẹni tó ná ọjà. Èmi tí mo ti bá kọ̀ǹdọ́kítọ̀ jà nítorí ogún náírà rí, ó pẹ́ kí n tó gbà pé ẹ̀rọ lè mọ̀ọ́mọ̀ fi owó sílẹ̀ fún èrò.

Síbẹ̀, káàdì náà kò pé nígbà tí mo dé. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kò ní ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń wà ni wọ́n ń lò ní Peckham Rye, owó tí mo kó sínú Oyster kò sì wúlò níbẹ̀ ní 2009. Oṣù kìíní ọdún 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí káàdì kan náà máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ kọ́ ló fa ìdádúró yẹn. Ẹni tí owó yóò wọlé sí lọ́wọ́, àti bí wọn yóò ṣe pín in, ni ọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ti yà sọ́tọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń wa bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọwọ́ Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, ni owó èrò ń wọlé sí, àwọn ló sì ń san owó iṣẹ́ fún àwọn tó ni bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ kò bìkítà bóyá ènìyàn méjì ló wọlé tàbí àádọ́ta. Owó oṣù rẹ̀ kò yí padà. Awakọ̀ dánfó kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú owó tí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ká mọ́ ìka ọwọ́ ni wọ́n ti ń ra epo, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún àgbèrò ní tirẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan sí òmíràn, nínú rẹ̀ ni iye tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń retí ní ìrọ̀lẹ́ wà, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni oúnjẹ ọmọ. Ẹni tó bá ní kí dánfó máa gba káàdì, kí owó sì dé lọ́jọ́ kejì, kò tíì ronú kan epo tí wọn yóò rà láàárọ̀ yìí. Mo rí àwọn tó ń sọ pé aláìlajú ni àwọn onídánfó. N kò gbà.

Cowry ti ṣe gudugudu méje níbi tí ọwọ́ ìjọba dé. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú BRT, nínú ọkọ̀ ojú omi LAGFERRY, àti nínú ọkọ̀ ojú irin méjèèjì tó wà lábẹ́ àbójútó LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìrìnnà: ti Mààrínà sí Mile 2 tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àti ti Agbádó sí Òyìngbò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé ẹni tó bá ní owó nínú Cowry ló ń dé ibi iṣẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Èmi náà wọ ọkọ̀ ojú irin láti Agége dé Ọ̀ṣòdì nígbà tí mo wá sílé, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo san ti ọkọ̀ ojú irin, mo tún san ti bọ́ọ̀sì lódindi, bí ẹni pé ẹ̀rọ kejì kò mọ̀ pé ìrìn àjò kan náà ni mo ń rìn. Lẹ́yìn náà ni mo wọ dánfó, ni wọ́n bá ní kí n mú ṣéńjì mi dání.

Ohun kan wà tí Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi kọ́ wa. Ní 2019, ẹ̀gbọ́n màmá mi wá kí wa ní Peckham. A fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n na owó wẹ́wẹ́ sí awakọ̀, awakọ̀ sì mi orí. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ṣé owó tó ní orí ọbabìnrin wọn ni wọn ò gbà yìí?” Mo fẹ́ fi Oyster mi san tiwọn lé tèmi, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́: káàdì kan, ẹnì kan. Káàdì báńkì mi ni mo fi rí ọ̀nà àbáyọ. Nínú dánfó, bí mo bá rí ìyá àgbà kan tó ń tú gèlè wá owó, mo kàn máa sọ pé, “Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, mo ti san tiyín,” ọ̀rọ̀ ti parí, àdúrà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dun màmá yẹn pé ọmọ wọn kò lè sanwó ọkọ̀ fún wọn láìwá káàdì kejì.

Nígbà tí mo dé Èkó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí ti ní Cowry tiwọn, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ inú báàgì. A jọ fẹ́ wọ BRT, ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ kan sì ń bẹ àwọn ènìyàn pé owó ti tán lórí káàdì òun, pé òun yóò fún wọn ní owó lọ́wọ́. Màmá fi tiwọn kan ẹ̀rọ, wọ́n tún fi kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rọ gbà á. Wọ́n ní kí ọmọ náà fi owó rẹ̀ sápò.