Àwọn ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun àti ibà tó ré òkun kọjá

Àwọn kan ń lọ sí Òṣogbo torí àdìrẹ, àwọn mìíràn torí ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ. Èmi, ọ̀bọ ló gbé mi lọ.

Ìwó Road ní Ìbàdàn ni mo ti wọ mọ́tò, a gba Gbọ̀ngán. N ò ní ròyìn ọ̀nà yẹn: ẹni tó bá ti gbà á rí, ìbàdí rẹ̀ á ti ròyìn fún un. Ní Ọláìyá mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo ní kó gbé mi lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun.

Bàbá àgbàlagbà kan ló mú èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan wọlé. Igbó náà ò tóbi tó bí òkìkí rẹ̀ ṣe tóbi. Hẹ́kítà 75 ni, ilé sì ti yí i ká. Ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ọwọ́ Àdùnní Olórìṣà hàn níbi gbogbo. Susanne Wenger ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Austria. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì bá àwọn tó fẹ́ gé igi ibẹ̀ jà títí tó fi kú ní 2009. Àmọ́ èèwọ̀ ti wà kó tó dé: a kì í dẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í gégi níbẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú, torí ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tí ìtàn sọ pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Èèwọ̀ yìí ló jẹ́ kí ọ̀bọ ṣì wà. A ò tíì rìn jìnnà sí géètì tí wọ́n fi yọ sí wa: ẹ̀yìn wọn pupa rúsúrúsú, ikùn funfun, àmì funfun méjì wà ní ìdí ìrù bí ẹni fi ẹfun tọ́ wọn. Mona ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà pẹ̀lú wa gé bísíkíìtì jẹ, ó na ìyókù sí ọ̀kan.

Bàbá ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Tó bá ti mọ adùn yẹn lónìí, ilé onílé ló máa wọ̀ lọ́la."

Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wọ̀nyí ò ní kó àrùn ràn wá báyìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń wọ ibẹ̀ láti ìgbà tí òun wà lọ́mọdé. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Látìgbà Ẹ̀bólà ọdún 2014 ni ìbéèrè yẹn ti ń bá wa gbé, ìgbà tí àwọn èèyàn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ò rí oníbàárà. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni ohun tí Ẹ̀bólà ṣe fún ẹranko fúnra rẹ̀. Ní Lossi, ní Kóńgò, ní 2002 àti 2003, àwọn onímọ̀ tó ti ń tẹ̀ lé gòrílà kiri láti ọjọ́ pípẹ́ kàn ń bá òkú wọn nílẹ̀ ni. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 5,000 gòrílà ló lọ ní agbègbè náà. Àwa náà sì ń kó àrùn ràn wọ́n. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, ikọ́ àti ọ̀fìnkìn èèyàn pa àwọn ìnàkí tí àwọn olùwádìí ń wò lójoojúmọ́. Ìdajì bísíkíìtì tí itọ́ èèyàn ti kàn yẹn, ọ̀bọ ló yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò ni ẹ̀fọn bá mi. Ọ̀sán gangan! Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ní àmì funfun yẹn ni, tí kì í dúró de alẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, òun gan-an ló sì mú kí n fẹ́ wá wo àwọn ọ̀bọ yìí.

Nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀fọn tó ń yé sínú ihò igi lókè ló ń gbé kòkòrò ibà pọ́njú láti ara ọ̀bọ kan dé ara èkejì. Ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ fún ọjọ́ díẹ̀, á lọ, kò sì ní lè mú ọ̀bọ yẹn mọ́ láé. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló kù tó lè mú. Ọ̀bọ tiwa kì í sábà ṣàìsàn rárá, wọ́n ti bá a gbé pẹ́. Ohun tó da àwọn oníṣègùn òyìnbó láàmú nìyẹn nígbà tí wọ́n ń ṣèwádìí rẹ̀ ní Yábàá, l'Ékòó: wọ́n ń fi ọ̀bọ ilẹ̀ wa dán an wò, nǹkan kan ò ṣe é. Àfìgbà tí wọ́n kó ọ̀bọ Íńdíà wọlé ní 1927. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi, wọ́n fi sí ọ̀bọ Íńdíà lára, ó kú. Asibi yè. Adrian Stokes tó wà lára àwọn olùwádìí náà kò yè. Ibà yẹn gan-an ló pa á l'Ékòó lọ́dún náà. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí gbogbo ayé ń gbà dòní ti wá, Max Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1951.

Létí odò, bàbá fi ibi tí àwọn ará Brazil máa ń kúnlẹ̀ sí nígbà ọdún hàn wá. Omi náà ti pọ́n bí amọ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ni, n ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó bù ú mu, ì báà jẹ́ olùfọkànsìn. Ọkọ̀ ẹrú tó gbé Ọ̀ṣun dé Brazil náà ló gbé ibà pọ́njú àti ẹ̀fọn rẹ̀ lọ. Ibà yìí jáde nígboro, ó wọgbó, ó bá àwọn ọ̀bọ tí babańlá wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Láti 2016 sí 2018, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀bọ ló kú níbẹ̀. Àwọn kékeré onírun wúrà kan wà ní agbègbè Rio de Janeiro tí wọn ò ju nǹkan bí 200 lọ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n tọ́jú wọn títí wọ́n fi di 3,700. Ibà dé, wọ́n ku 2,500.

Àwọn èèyàn kan tún mú igi àti òkò, wọ́n ń pa ọ̀bọ tó ṣẹ́ kù pé àwọn ló ń pín ibà. Bẹ́ẹ̀ òkú ọ̀bọ ni àwọn oníṣègùn ń wò láti mọ̀ pé ibà ti dé itòsí, kí wọ́n tó sáré gbé abẹ́rẹ́ lọ fún àwọn ará abúlé. Ẹni tó pa á pa alóre.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí ọ̀bọ ò kú, ta ni yóò ta wá lólobó? Ní 2017 tí ibà pọ́njú tún yọjú ní Nàìjíríà, Ìfẹ́lódùn ní Kwara ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Ọ̀ṣun níbí. Ara èèyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Mo yà kí àǹtí mi ní Òkè-Fìà kí n tó padà. Bí mo ṣe ń sọ fún wọn pé láti 2021 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọ̀bọ onírun wúrà yẹn lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀bọ? Ta ló dì í mú?"

"Wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú wọn nínú àgò ni, mà. Tí wọ́n bá gún wọn tán, wọ́n á tú wọn sílẹ̀. Ní 2023 tí wọ́n kà wọ́n, wọ́n ti tó 4,800."

Wọ́n wo ọmọ-ọmọ wọn tó ń rá kiri nílẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wo káàdì rẹ̀. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́wàá. Oṣù mẹ́sàn-án ló yẹ kó gba ti ibà pọ́njú, ojú ibẹ̀ ṣófo. Àǹtí mi pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù níṣojú mi. N ò lè kọ ohun tí wọ́n sọ fún un síbí.