Irin Kékeré Tí Ìka Ń Fà: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Tírígà

Ọ̀gá mi gba ráífù náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí i, ó fojú wo ihò ọta, ó tún ti ìka bọ̀ ọ́ kó lè dá a lójú pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ti bólúùtì, irin tó ń dí ẹ̀yìn ihò ọta, padà, ó wá fi ìdí ìbọn gbá ògbólógbòó táyà kan tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ "kẹ́". Abẹ́rẹ́ ìbọn, irin tó ń lu ìdí ọta, ti já síwájú, bẹ́ẹ̀ ìka ẹnikẹ́ni kò sí lórí tírígà. Ká ní ọta wà nínú rẹ̀ ni, ìbọn ti dún.

Èmi ni mo tún tírígà yẹn ṣe. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí yín ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Òmù-Àrán ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí n tó wá sí Ìlọrin sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ àtúnṣe ìbọn. Ṣakabùlà ni ojú mi mọ̀. Ọdẹ àgbà kan láti apá Ìsánlú-Ìsin ló gbé ráífù náà wá, ìwé rẹ̀ sì pé. Ohun tó ń dun bàbá ni pé tírígà le, ó sì ń fà tìkọ̀-tìkọ̀: á fà á, á dúró, á tún fà á, kó tó dún, ìgalà ti wọ igbó lọ. Ọ̀gá mi kò sí nílé. Mo tú u, mo rí ibi tí irin méjì ti ń ha ara wọn, mo sì fi fáìlì dán an títí ó fi ń yọ̀. Nígbà tí mo fà á wò, ó rọ̀ bí òwú. Inú mi dùn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo bàjẹ́. Eyín irin kan wà nínú ráífù tí wọ́n ń pè ní sear. Òun ló di abẹ́rẹ́ mú lẹ́yìn tí a bá ti ti bólúùtì. Tírígà ló gbé eyín yìí dúró, ibi tí wọ́n sì ti kan ara wọn kò fẹ̀ rárá. Tí ìka bá fa tírígà kúrò lábẹ́ rẹ̀, eyín á wálẹ̀, abẹ́rẹ́ á lọ. Sípíríǹgì ló ń sọ bí tírígà yóò ṣe wúwo tó, ìyẹn bí agbára tí ìka yóò fi fà á ṣe pọ̀ tó. Bí irin méjèèjì ṣe gùn mọ́ra tó ló ń sọ bóyá ìbọn yóò dúró nígbà tí ọdẹ bá kọsẹ̀, tàbí tí ìbọn bá bọ́ lára igi. Ọ̀tọ̀ ni ìwúwo, ọ̀tọ̀ ni ìdìmú. Èmi wá ìwúwo lọ síbi ìdìmú.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti irin fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti rọ àdá mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ la máa ń mú le, a kì í mú gbogbo ara rẹ̀ le kó má baà dá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eyín tírígà ṣe rí: àwọ̀ òkè nìkan ló le. Fáìlì mi ti bó àwọ̀ yẹn, irin rírọ̀ ló kù. Kódà ká ní ó yege lọ́jọ́ yẹn, yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tí bàbá bá yìnbọn, títí ọjọ́ kan nínú igbó.

Ó ṣì ń dùn mí pé ìbọn yẹn kò nílò fáìlì rárá. Epo ẹ́ńjìnnì ni bàbá ń dà sínú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Epo náà ti dì, eruku ọyẹ́ sì ti pò mọ́ ọn. Ká ní mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí n nù ún gbẹ, kí n sì kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan péré sí i, ìdajì ẹjọ́ ti tán. Láti ìgbà náà, mi ò tíì tú tírígà kan láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

Mo bẹ ọ̀gá mi pé kó jẹ́ kí n fi iná mú eyín náà le padà. Ó kọ̀. Ó ní odidi ilé tírígà la ó pààrọ̀, àti pé owó oṣù mi ni yóò ti jáde. Nígbà tí tuntun dé, mo rò pé pín-ìn-nì méjì ni ká yọ, ká sì dá wọn padà, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tírígà tuntun fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, igi ìdí ìbọn sì ń fara kan irin náà. Bí a bá fà á, kì í padà sáyè rẹ̀ dáadáa. Igi la gbẹ́ o, a ò fọwọ́ kan irin.

Tí ẹ bá rí lákà (ọ̀dà tó máa ń gan) tàbí gọ́ọ̀mù lórí síkírúù tírígà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fi dì í kó má yí. Tó bá ti fọ́, ẹnìkan ti débẹ̀ ṣáájú yín, kí ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Gọ́ọ̀mù náà sì léwu tó bá pọ̀ jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Remington, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ní Amẹ́ríkà nígbà náà, pe ráífù Model 700 àti Model Seven tó ní tírígà X-Mark Pro padà, nítorí pé gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń to tírígà náà lè mú kí ìbọn dún láìròtẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ní.

Bàbá fẹ́ kí tírígà tuntun rọ̀ ju bó ṣe wá lọ. Ọ̀gá mi bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́: "Bàbá, àwọn tó ń fi tírígà rírọ̀ yìnbọn, orí pápá ni wọ́n wà, pátákó ni wọ́n ń yìn. Ẹ̀yin ń rìn lóru, ọyẹ́ ń mú yín níka, ọmọ yín sì wà lẹ́yìn yín." Ó fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì fà á lẹ́ẹ̀màrún-ún, ó fi í sáàárín kílò 1.5 sí kílò 2. Ibẹ̀ ni mo máa ń fi ti ọdẹ sí títí dòní.

Kí ìbọn tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ ihò ọta wò pé ó ṣófo, kí ẹ ti bólúùtì pẹ̀lú agbára. Ẹ fi sí séfítì, ìdènà tí kì í jẹ́ kí ìbọn dún, ẹ fa tírígà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ wá yọ ọ́ kúrò ní séfítì. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ já. Lẹ́yìn náà, táyà. Ẹ ṣe é léraléra. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ogún, ìbọn yẹn kò gbọdọ̀ padà sílé olówó rẹ̀.

Ẹ má sì fọwọ́ kan ìbọn ẹni tí kò lè fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé máa rọ ìbọn tàbí kó máa tún un ṣe láìgbàṣẹ, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọjọ́, nọ́ńbà ìwé àṣẹ oníbọn, ìwúwo tírígà nígbà tó wọlé àti nígbà tó jáde sí. Ojú ìwé àkọ́kọ́, ti bàbá Ìsánlú-Ìsin ni. Ìwúwo mẹ́ta ló wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀gá mi ní kí n kọ ti fáìlì mi náà sílẹ̀.