Ẹyin òjòlá kì í ṣe ẹyin adìẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin òjòlá, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ka oṣù, ẹ ń retí ìgbà tí abo tiyín máa yé. Èmi náà kà á bẹ́ẹ̀. Ní Leeds níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òwúrọ̀ Sátidé kan ni mo ṣí ilé abo mi, mo bá a tó ti ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin mẹ́fà pinpin. Inú mi dùn kọjá sísọ. Nínú mẹ́fà yẹn, mẹ́rin ló di ọmọ, ẹ̀yìn ọ̀kan nínú mẹ́rin náà sì wọ́. Ọ̀kan tó kú àti ọ̀kan tó wọ́, èmi ni mo fà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín.

Irú òjòlá tí mò ń sọ ni èyí kékeré tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python, torí pé bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ roboto, á fi orí pamọ́ sáàárín. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Màmá mi pariwo lórí fóònù nígbà tí wọ́n gbọ́: "Ejò kẹ̀! Nínú ilé tí o ń sùn sí?" Mo sọ fún wọn pé ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, ilé òrìṣà kan wà tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá, irú ejò yìí ló kún inú rẹ̀, wọn kì í sì í pa á níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Ouidah mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣé èmi mọ̀ ọ́n?

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo dàgbà sí, adìẹ ló kún ẹ̀yìnkùlé wa, ojú mi sì ni adìẹ tó ń sàba ṣe máa ń fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò pé n ó ṣe. Ọlọ́run ló yọ mí tí mo kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń sin ejò ṣáájú mi. Wọ́n ní, "Má dán an wò o! Bí o bá yí i, o ti pa á nìyẹn." Nínú ẹyin adìẹ, okùn funfun méjì ló so pupa ẹyin mọ́ àárín, ẹ ti rí i rí nígbà tí ẹ bá fọ́ ẹyin sínú abọ́. Ẹyin ejò kò ní in. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ejò bá yé, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ èèpo lápá òkè. Tí ẹ bá wá dojú ẹyin dé, gbogbo ìwúwo pupa ẹyin á tẹ ọlẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé e rárá, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí orí ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ìlà yẹn sì máa wo òkè títí tí ọmọ á fi jáde. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ má ṣe yà wọ́n, ẹ gbé wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ wá ẹni tí ẹ lè pè kí ejò yín tó yé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá yé tán.

Gbígba ẹyin lọ́wọ́ ìyá kò le tó bí mo ṣe rò. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ìyá náà, kí ẹ sì fọ ilé rẹ̀ dáadáa, torí bí òórùn ẹyin bá ṣì ń run sí i, ó lè máa ká ara rẹ̀ mọ́ òfìfo, kó má jẹun.

Lálẹ́, mo pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú márùn-ún, mo rí iṣan pupa tín-ín-rín bíi gbòǹgbò. Ìkẹfà kéré, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀: òbu ni. Ó ti lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Ó bu funfun bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì bàjẹ́.

Àpótí ooru ni ọ̀rọ̀ wà. Ní pápá Togo, Benin àti Ghana, ihò eku àti inú ọ̀gán ni òjòlá yìí máa ń yé sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níta, koríko ti gbẹ. Nínú ọ̀gán, ooru kì í lọ sókè sódò, ọ̀rinrin sì wà. Ọ̀gán yẹn ni à ń gbìyànjú láti ṣe nínú yàrá. Kúlà ńlá, irú èyí tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ òde, ni mo lò, pẹ̀lú máàtì oníná àti thermostat tó ń tan máàtì náà tó sì ń pa á. Mo da vermiculite, ohun fífúyẹ́ tí àwọn tó ń gbin òdòdó máa ń pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, sínú abọ́ ike onímọrí, mo sì po omi tí ìwúwo rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba mọ́ ọn. Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó dì mọ́ra, kí omi má kán. Ẹ gbé abọ́ náà sí ibi tó dagun díẹ̀ kí omi tó ń sun lára ọmọrí lè ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kó máa kán sórí ẹyin. Ooru 31 sí 32°C ni kó dúró sí. Ẹ tan àpótí náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹyin tó débẹ̀, ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mo ṣe gbogbo ìyẹn. Ohun tí mi ò ṣe ni kí n so wáyà. Thermostat ní wáyà kan tó fi ń mọ bí inú àpótí ṣe gbóná tó. Sẹ́lótéèpù lásán ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara abọ́. Ọ̀rinrin ba téèpù jẹ́. Ní ọjọ́ 19, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́ alẹ́, wáyà yẹn ti já bọ́ sórí ilẹ̀ yàrá. Òtútù ilẹ̀ ló ń kà, ló bá ń tan ooru láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, inú àpótí ti kọjá 36. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iṣan inú ẹyin kan ti ṣú, èèpo rẹ̀ sì rọ̀. Láti ìgbà náà, okùn ike ni mo fi ń di wáyà mọ́ abọ́, thermometer ọ̀tọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin gan-an, thermostat kejì sì wà tó máa pa iná tí ti àkọ́kọ́ bá ṣìṣe. Owó rẹ̀ dùn mí. Ẹ rà á.

Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jìn wọnú. Àyà mi já, mo gbé ìgò omi. Ẹ̀gbọ́n mi dá mi dúró: bí wọ́n bá jìn láàárín oṣù àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbígbẹ, kí ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí etí abọ́, kì í ṣe sórí ẹyin. Bó bá ti sún mọ́ ìparí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ní ọjọ́ 57, mo rí ojú ọgbẹ́ tín-ín-rín lára ẹyin kan, àti imú kékeré kan tó ń mí. Ó ti fi eyín wíwẹ́ tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ la èèpo. Ó yọrí, ó tún padà sínú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún odidi ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n pupa ẹyin tó kù ló ń fà sínú ara, ẹni tó bá fà á jáde lè já pupa náà mọ́ ọn nídodo. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ sùn.

Èyí tó jáde kẹ́yìn ni ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, níbi méjì, lápá ìrù; mo gbà pé ooru alẹ́ ọjọ́ 19 yẹn ló fà á. Gbogbo wọn bọ́ awọ àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá fún wọn ní ọmọ eku. Mẹ́ta gbà á lọ́jọ́ kan náà. Ẹlẹ́yìn wíwọ́ mi yìí kọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, lóru, nígbà tí mo bo ilé rẹ̀ láṣọ tí mo sì kúrò níbẹ̀. Mi ò tà á.