Ọjọ́rú ní Isle of Wight: òkun, ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àìná

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí n tó lajú lónìí, èmi tí mo máa ń jí kí aláàmù tó dún. Ọkọ mi ti po tíì, àwọn Ìbejì ti jẹ búrẹ́dì, Mọ́mì ti gbàdúrà tán, wọ́n tún ti gbálẹ̀ ilé onílé (ilé tá a háyà ni o, ẹnikẹ́ni ò ní ká gbá a), kò sì sẹ́ni tó jí mi. Inú kọ́kọ́ fẹ́ bí mi, mo wá rántí pé torí oorun gan-an la ṣe wá. Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n bá ti pè láti wọ́ọ̀dù pé èèyàn ò pé, màá gbé báàgì, màá lọ. Ọkọ mi ló san owó ilé yìí láì bi mí, ó ní tóun bá bi mí màá ní ká dúró di Kérésì. Kò parọ́.

Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù England, ò kúkú jìnnà. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò wọ fẹ́rì ní Portsmouth, bí ìṣẹ́jú 45 lẹ ti dé Fishbourne. Mọ́mì ń ka Sáàmù 119 lọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí wọ́n ní ká padà sínú mọ́tò, wọ́n ní ṣé ibi tá a ń lọ náà nìyẹn, pé àwọn ò tíì gbádùn àdúrà yẹn dáadáa.

Láàárọ̀ a lọ sétí òkun ní Ryde níbí, a débẹ̀, òkun ti lọ! Ó ti fà sẹ́yìn réré, iyanrìn tútù ló tẹ́ rẹrẹẹrẹ, àwọn ọmọdé ń sáré lórí ibi tí omi wà kó tó fà. Àwọn Ìbejì gbé korobá wọn, ó di inú iyanrìn. Mọ́mì jókòó sórí àga tá a ká dání, súẹ́tà lórí súẹ́tà, ìró lórí ẹsẹ̀, oòrùn sì ń ràn o, wọ́n ní oòrùn ọ̀hún ò lágbára, iná bọ́ọ̀bù lásán ni. Wọ́n yọ gààrí Ìjẹ̀bú látinú báàgì, wọ́n da ṣúgà àti ẹ̀pà sí i, wọ́n bu omi tútù sí i nínú kọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ṣíbí wa á mu, wọ́n ń wo òkun. Wọ́n ní òkun yìí ò pariwo bí ti Èkó, ó níwà.

Ìgbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ tán ni hovercraft, ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń gbé lórí omi àti lórí ilẹ̀, dé láti Southsea. Ha! Ariwo yẹn! Ó ń bọ̀ lórí omi, a rò pé ó máa dúró, kò dúró, ó gun orí ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ ńlá, ó wá jókòó, ó tú atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde. Kẹ́hìndé dìde tó ń pàtẹ́wọ́. Táyé sá sẹ́yìn Mọ́mì, gààrí fẹ́ẹ̀ dànù. Ọkọ mi ní tiẹ̀, rélùwéè ló ń wò, èyí tó ń gba orí píà, afárá gígùn tó nà sínú òkun, ó ní ara ọkọ̀ yẹn jọ ti District Line tóun máa ń wọ̀ nígbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London. Mo ní kó má sọ ọ̀rọ̀ London fún mi níbí jàre. Ó wo fóònù, òun náà ló kúkú jàre, àwọn ọkọ̀ District Line tí wọ́n ti yọ kúrò lójú ọ̀nà ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò níbí ní 2021.

Lọ́sàn-án a wa mọ́tò lọ sí Osborne House ní East Cowes. Queen Victoria àti Albert ọkọ ẹ̀ ló ra ibẹ̀ ní 1845, wọ́n wó ilé tó wà níbẹ̀, wọ́n kọ́ tiwọn, kí àwọn àtàwọn ọmọ wọn lè máa rí ibi sá fún wàhálà London. Àwọn náà wá sinmi bíi tiwa, owó wọn ló ju tiwa lọ. Yàrá lórí yàrá, mi ò ní kà wọ́n tán. Èyí tí Mọ́mì dúró sí ni ibi tí obìnrin náà kú sí ní January 1901, wọ́n ní ó kú sínú ilé ara ẹ̀, àwọn ọmọ yí i ká, ikú rere nìyẹn. Ẹ̀yìn ìta ló dùn mọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kan jáde lórí igi, gbogbo èèyàn ń yọ fóònù, Mọ́mì ń wò wọ́n, wọ́n ní "Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí náà lẹ ń ya fọ́tò ẹ̀? Kó wá sí Ìlaró ná." Nísàlẹ̀ létí omi, ilé onígi kékeré kan wà tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀, inú ẹ̀ ni Queen máa ń wọ̀, wọ́n á tì í wọ inú òkun, á wá yọ́ bọ́ sómi kẹ́nikẹ́ni má bàa rí i. Kẹ́hìndé bi mí bóyá Queen ò mọ̀wẹ̀ ni. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ wí.

A jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọkọ mi wá ń ka nǹkan jáde látinú fóònù, pé wọ́n gbé àwòrán ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan kọ́ sínú ilé yìí ní 2020, Sarah Forbes Bonetta, Hannah Uzor ló yà á, àti pé Àìná ni wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ará Òkè-Òdàn.

Mọ́mì ní "Òkè-Òdàn wo?"

Ó ní "Òkè-Òdàn ti Yewa, mà."

Ìyá mi dìde. Ìlaró ni wọ́n bí wọn sí, ìyàwó bàbá wọn kan ará Òkè-Òdàn ni. Wọ́n ní kó kà á látìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan. Ó kà á. Pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú náà ní 1848, wọ́n pa àwọn òbí ẹ̀, wọ́n mú un lẹ́rú. Ní 1850 kápútẹ̀nì òyìnbó kan tó ń jẹ́ Forbes dé ààfin Ghezo, ọba Dàhòmì, Ghezo sì fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Queen, ó fi ta á lọ́rẹ. Bonetta yẹn, orúkọ ọkọ̀ ojú omi Forbes ni. Mọ́mì ní "Ta ló ni ọmọ tí wọ́n fi ń tọrẹ?" Obìnrin kan tó ń kọjá wẹ̀yìn. Wọ́n tún ní "Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọ èèyàn?" Ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀ bíi pé òun ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ibi tó kù gan-an ló wá mú mi. Àìná fẹ́ James Davies, oníṣòwò ará Èkó, ní Brighton ní 1862, wọ́n sọ ọmọbìnrin wọn ní Victoria, Queen ni ìyá ìsàmì ẹ̀. Nígbà tó yá, ikọ́ fée ń yọ Àìná lẹ́nu, wọ́n ní kó lọ sí Madeira, erékùṣù tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ dáa, kó lọ sinmi níbẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí ní August 1880. Ọmọ ẹ̀ sì wà ní England nígbà náà, tó fẹ́ wá kí Queen ní Osborne níbí, kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ rí i gan-an ni ìròyìn dé pé ìyá ẹ̀ ti kú. Queen kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ẹ̀ pé òun rí ọmọ náà, àánú ẹ̀ ṣe òun.

Ìyá lọ sinmi ní erékùṣù kan, ọmọ wá gbọ́ ikú ẹ̀ ní òmíràn. Mo wo Mọ́mì, wọ́n ti padà jókòó, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń ra ọrùn ẹsẹ̀ òsì tó máa ń wú tí wọ́n bá rìn púpọ̀. Láti ọdún tí mo ti kúrò nílé, tí fóònù bá dún lóru, tí mo bá rí nọ́ńbà Nàìjíríà, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó gbé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Mi ò sọ fún wọn. Mo bá wọn ra ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní ọwọ́ mi ti le jù fún nọ́ọ̀sì.

Ní ìrọ̀lẹ́ a ra fish and chips, ẹyẹ òkun kan já chips gbà lọ́wọ́ Táyé, Mọ́mì sì fi ata dín-ín-dín tiwọn sórí ẹja, wọ́n ní àwọn òyìnbó ò ṣèkà, wọn ò kàn mọ̀ ni. Ọ̀la la máa lọ wo àwọn àpáta Needles, àga tó ń rìn lórí wáyà wà níbẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, Mọ́mì ti ní àwọn ò ní gun nǹkan tí wọ́n fi okùn so.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, wọ́n wà lórí WhatsApp pẹ̀lú àbúrò wọn ní Ìlaró, spíkà wà lókè pátápátá, wọ́n ń sọ pé àwọn dé ilé tí Queen ti tọ́ ọmọ Òkè-Òdàn dàgbà. Ọkọ mi ní "Mọ́mì, kì í ṣe ibẹ̀ ló dàgbà sí o, wọ́n tún gbé e lọ sílé ìwé ní Freetown, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì kan ní Gillingham ló tún gbé." Wọ́n ní "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi."