Kẹ̀kẹ́ Òkè Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Ti Pẹ́ Lórí Títì

Ẹni tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ títì fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í wọ ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ bí ọ̀gbẹ̀rì. Bó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ òkè, irú èyí tí a ń gùn nínú igbó àti lórí òkúta, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan gbé e nílẹ̀ láti mọ bó ṣe wúwo tó, yóò ka eyín jíà, yóò sì béèrè èyí tó fúyẹ́ jù lọ tí owó rẹ̀ ká. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ tó ti kó jọ lórí ọ̀dà ti ń ṣì í lọ́nà. Agbára ẹsẹ̀ àti èémí tí a fi ń gun òkè ti wà lára rẹ̀. Ohun tí kò tíì ní ni ọgbọ́n àtisọ̀kalẹ̀ láàárín òkúta, gbòǹgbò igi àti ẹrẹ̀ láìfarapa. Nítorí náà, bí kẹ̀kẹ́ náà yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni kí ó fi yàn án, kì í ṣe bí yóò ṣe gòkè.

Ó ṣe tán, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ti bí kẹ̀kẹ́ yìí. Àwọn tó ń ṣe ìdíje Repack lẹ́bàá Òkè Tamalpais ní California láyé ìgbà náà, láti ọdún 1976, ń fi àwọn kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́, tó wúwo gan-an, sáré sọ̀ kalẹ̀ débi pé gíríìsì inú bíréèkì ẹ̀yìn á jóná, wọn á sì ní láti kó òmíràn sí i kí wọ́n tó tún sáré.

Àwọn kan nínú wa ní Sheffield, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń tọ́ka sí Tom Pidcock, ọmọ Leeds tó gba góòlù kẹ̀kẹ́ òkè ní Òlíńpíìkì Tokyo àti ti Paris, tó sì tún borí lórí òkè Alpe d'Huez nínú eré kẹ̀kẹ́ títì Tour de France ọdún 2022. Wọ́n ní irú kẹ̀kẹ́ eré-ìje fífúyẹ́ tó ń gùn ni àwọn náà yóò rà. Wọ́n gbàgbé pé kí ó tó di olókìkí lórí títì, lọ́dún 2017, ni ó ti gba ipò kìíní lágbàáyé láàárín àwọn ọ̀dọ́ nínú eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀. Ẹni tí kò ní irú ìgbà èwe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Igun tí fọ́ọ̀kì iwájú fi dúró ni kí a kọ́kọ́ wò. Lára kẹ̀kẹ́ títì, ó sábà máa ń wà nítòsí dígírì 73. Lára kẹ̀kẹ́ òkè òde òní, ó lè jẹ́ 65, tàbí kí ó lé díẹ̀, tàbí kí ó dín. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́ lójijì, gbogbo ìwúwo ara ni yóò rọ́ síwájú, fọ́ọ̀kì tó bá sì dúró ṣánṣán yóò fẹ́ gbé wa gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, nígbà tí èyí tó na táyà iwájú síta dáadáa yóò fún wa láyè láti dúró sáàárín. Irin kúkúrú tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ fọ́ọ̀kì, tó máa ń gùn tó mìlímítà 100 tàbí 110 lára kẹ̀kẹ́ títì, kì í sábà ju 50 lọ níbí, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì lè fẹ̀ tó mìlímítà 780. Bí a bá dán an wò níwájú ìsọ̀, yóò dà bí ọ̀lẹ lọ́wọ́ wa. Kí a bẹ ọlọ́jà kí ó jẹ́ kí a gbé e dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́ kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, èyí tó ń rìn ní mìlímítà 100 wà fún eré-ìje, èyí tó tó 200 sì wà fún àwọn tí ọkọ̀ ń gbé dé orí òkè. Nǹkan bí 130 tó fún ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹṣin Peak District, agbègbè olókè tó wà lẹ́bàá Sheffield. Bí owó kò bá pọ̀, mo fara mọ́ kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú nìkan, nítorí pé iye kan náà tí a ó fi ra oníṣọ́ọ̀kì méjì tí kò dára ni yóò ra fọ́ọ̀kì àti bíréèkì gidi fún wa, ẹrẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní rí bọ́ọ̀rìn ẹ̀yìn jẹ.

Táyà ni yóò ṣòro jù fún ará títì láti gbà gbọ́. Èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 tàbí 28 ló mọ́ wa lára, tí gẹ́ẹ̀jì páǹpù yóò ka psi 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà kẹ̀kẹ́ òkè fẹ̀ tó íǹṣì 2.4, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sì í sábà ju 20 sí 25 lọ lórí gẹ́ẹ̀jì kan náà. Fọganáísà Ìbàdàn tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò ní ó ti jò. Ṣùgbọ́n táyà tó rọ̀ ló ń wọ ara òkúta tó sì ń dì í mú. Èyí tó le yóò máa ta kúrò lórí rẹ̀ ni, tòun ti ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Kí ó sì jẹ́ irú èyí tí kò lo túùbù, tí a ń da omi ìdíhò sí nínú, nítorí pé ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yìí, òkúta lè tètè fún túùbù mọ́ etí irin kí ó sì bẹ́.

Jíà kò ní yọ wá lẹ́nu. Bí jíà iwájú bá ní eyín 32, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní 51, bí ẹsẹ̀ bá yí ẹ̀ẹ̀kan, táyà kò ní yí tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ohun tí n kò lè fi ṣeré ni òpó àga tó ń wọlẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnì lọ́wọ́. Ará títì ka àga tó ga sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àga gíga yẹn ni yóò tì wá ṣubú.

Kí a tó sanwó, kí a mọ ibi tí a ó ti máa gùn ún. Òfin ọdún 1968 fún wa láyè lórí ọ̀nà ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá ń yẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan kì í ṣe tiwa. Ẹni tó bá jẹ́ pé igbó Lady Cannings ni yóò máa lọ, níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tẹ́jú díẹ̀, kò nílò kẹ̀kẹ́ tí ẹni tó ń lọ sí Cut Gate, ọ̀nà ẹṣin olókùúta ní Peak District, nílò. Bí ó bá sì jẹ́ àlòkù ni a fẹ́ rà, kí a yẹra fún èyí tí táyà rẹ̀ ga ní íǹṣì 26, bó ti wù kí ó dán tó, nítorí pé fọ́ọ̀kì àti táyà tó dára fún un ti ń wọ́n lọ́jà. Kí a wá oní-íǹṣì 29, kí a di bíréèkì iwájú mú, kí a ti kẹ̀kẹ́ náà síwá-sẹ́yìn, kí a sì fetí sílẹ̀ bóyá nǹkan kan ń mì nínú fọ́ọ̀kì.